Yíyí ìṣètò àtilẹ̀wá gdb padà fún ìròyìn crash: kí ló yẹ kó wọ gdbinit, kí ni kò yẹ?

Ìgbín64:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Server Debian 12 ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé: gdb 13.1 (irinṣẹ́ tí a fi ń wádìí ètò tó kú), systemd 252 (tó ń bójú tó service). Ètò C++ kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó máa ń ṣí thread (okùn iṣẹ́) bí 40. Tó bá crash, systemd-coredump á fi core rẹ̀ (àwòrán memory rẹ̀ nígbà tó kú) pamọ́. Tó bá di òru, service kan á pe gdb kó sọ core náà di ìròyìn tí èèyàn á kà láàárọ̀. Àṣẹ tí service náà ń pè rèé (`bt` ni backtrace, ìtòlẹ́sẹẹsẹ function tí ètò wà nínú wọn; frame ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn):

`coredumpctl debug --debugger-arguments="-batch -ex 'set debuginfod enabled on' -ex 'thread apply all bt full'"`

Ìròyìn tó ń jáde ò ṣeé lò. Lókè rẹ̀, ó kọ "Debuginfod has been disabled", bẹ́ẹ̀ "on" ni mo kọ (debuginfod ni server tó ń fún gdb ní symbol, ìyẹn orúkọ function àti ìlà kóòdù, látorí íntánẹ́ẹ̀tì). Púpọ̀ nínú àwọn frame tó wà nínú libc ń jáde bíi `?? ()`. Ibi tí argument bá ti jẹ́ struct, àmì tó-tò-tó mẹ́ta péré ló ń fi hàn. Níbòmíràn ẹ̀wẹ̀, vector kan ṣoṣo á kún ojú ìwé.

Mo fẹ́ kó gbogbo àtúnṣe náà sínú /etc/gdb/gdbinit (fáìlì àṣẹ tí gdb ń kà nígbà tó bá ń dìde), kó di ìṣètò àtilẹ̀wá fún gbogbo ẹni tó bá ń lo ẹ̀rọ yẹn. Ṣé ibẹ̀ ló yẹ kó wà? Àwọn wo gan-an ló sì yẹ kí n yí?

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Ká kọ́kọ́ mú ti debuginfod, torí òun ló bí `??` yẹn. Àṣẹ rẹ tọ̀nà, ó kàn pẹ́ dé ni. -ex kì í ṣiṣẹ́ títí gdb á fi ka ètò àti core rẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tó ń ka core gan-an ló ń wá symbol fún library kọ̀ọ̀kan, ìgbà náà ló sì fẹ́ béèrè bóyá kó lọ gbé wọn wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. "ask" ni ìṣètò àtilẹ̀wá rẹ̀. Lábẹ́ -batch, kò sẹ́ni tó máa dáhùn, ló bá dá ara rẹ̀ lóhùn pé rárá, ó ti ìlẹ̀kùn. Nígbà tí -ex rẹ fi máa dé, ọjà ti tú.

-iex ni kó o lò. Òun máa ń ṣiṣẹ́ kí gdb tó fọwọ́ kan ètò tàbí core:

`coredumpctl debug --debugger-arguments="-batch -iex 'set debuginfod enabled on' -ex 'thread apply all bt full'"`

Bí gdb ṣe ń ka nǹkan nígbà tó bá ń dìde nìyí: gdbinit ti gbogbo ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ kà, ó kan ti ilé aṣàmúlò, lẹ́yìn náà ni -iex àti -ix, ìgbà yẹn ló tó gbé ètò àti core wọlé, -ex àti -x ló ń kẹ́yìn. Iṣẹ́ kan náà ni -ix àti -x ń ṣe, fáìlì àṣẹ ni wọ́n ń kà. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ṣáájú core, èkejì tẹ̀lé e. Tó o bá fẹ́ mọ gdbinit tí gdb tìrẹ ń kà gan-an, tẹ `gdb --help`, wàá rí orúkọ wọn nísàlẹ̀.

Ohunkóhun tó bá kan bí a ṣe ń wá symbol ni kó o fi sí -iex: debuginfod, sysroot, debug-file-directory, auto-load safe-path. Ti títẹ̀ jáde lásán, irú print àti width, ibikíbi tó bá wà kó tó kan bt ti tó.

ọmọ_Arch:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ti ẹ̀gbọ́n. Ìlà "Debuginfod has been disabled" yẹn fúnra rẹ̀, ìròyìn ayọ̀ ni. Ó túmọ̀ sí pé DEBUGINFOD_URLS wà ní àyíká service náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, gdb ò ní béèrè nǹkan kan, ìwọ náà ò sì ní rí ìlà yẹn, `??` nìkan ni wàá rí. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn ló wọ́pọ̀ jù. /etc/profile.d ni ọ̀pọ̀ distro ń gbé DEBUGINFOD_URLS sí, ẹni tó bá wọlé láti tẹ́mínà nìkan ló sì ń rí i. Cron ò rí i, service systemd ò rí i, sudo náà sì máa ń gbá a dànù. Kọ ọ́ sínú unit tààrà:

`Environment=DEBUGINFOD_URLS=https://debuginfod.debian.net`
`Environment=DEBUGINFOD_CACHE_PATH=/var/cache/coreka`

Ìlà kejì ṣe pàtàkì torí service tí kò ní `User=` kì í ní HOME, ilé ni debuginfod sì máa ń tọ́jú ohun tó bá gbà sí tí ẹ ò bá júwe ibòmíràn fún un. Láìsí ìlà yẹn, ẹ ò ní mọ ibi tó da ẹrù sí.

Ṣẹ́gi_root:

Ẹ jẹ́ kí n tako fífi `set debuginfod enabled on` sínú /etc/gdb/gdbinit. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí gdb lórí ẹ̀rọ yẹn, ìbáà jẹ́ ètò kékeré tó kọ́ fúnra rẹ̀ ló fẹ́ wò, gdb á máa gbé build-id (nọ́ńbà ìdánimọ̀) gbogbo library lọ bá server ìta. Tí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà, gdb á kàn jókòó. DEBUGINFOD_TIMEOUT jẹ́ 90 ìṣẹ́jú-àáyá látilẹ̀: tí server kò bá tíì fi ó kéré tán 100K ránṣẹ́ láàárín àsìkò yẹn ló tó jáwọ́. Ẹ wo iye library tí ètò C++ kan ń gbé wọlé, kí ẹ fi ìyẹn ṣírò bí ẹni náà ṣe máa dúró pẹ́ tó. Lórí service, ẹ dín in kù sí 20, kí ìròyìn má bàa di ọ̀sán.

Nǹkan kejì: tí ìròyìn òru bá gbára lé /etc/gdb/gdbinit, ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi `set print elements unlimited` síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ tirẹ̀, ìròyìn gbogbo yín ti yí padà nìyẹn. Ìṣètò ìròyìn, fáìlì tirẹ̀ ni kó ní. Ẹ fi -nx pe gdb kó má ka gdbinit kankan, kẹ́ ẹ fi -ix fún un ní tiyín.

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Ṣẹ́gi tọ̀nà níbẹ̀. -nx ò sì ba pretty-printer libstdc++ (ohun tó ń tẹ vector àti string jáde ní ọ̀nà tó ṣeé kà) jẹ́: auto-load ló ń gbé ìyẹn wọlé, kì í ṣe gdbinit. Nítorí náà, vector àti string yóò ṣì máa jáde bó ṣe yẹ.

Ìyá_Linker:

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ti gbàgbé ìdajì ìbéèrè rẹ̀. Àmì tó-tò-tó mẹ́ta yẹn, `print frame-arguments` ló fà á. "scalars" ni látilẹ̀: nọ́ńbà àti pointer nìkan ni yóò tẹ̀, struct, union àti array á di `...`. Yí i sí "all". Vector tó kún ojú ìwé, `print elements` ló ni ìyẹn, 200 ni látilẹ̀. Ní gdb 13, òǹkà yẹn ló ń dín array kù, òun náà ló ń dín string kù. Láti gdb 14, a lè ya string sọ́tọ̀ pẹ̀lú `print characters`, ẹni tó bá máa ṣí kúrò lórí Debian 12 kó rántí.

Méjèèjì ń fa ara wọn o. Tó o bá ṣí frame-arguments sí "all" láì dín elements, ìròyìn rẹ á wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. `print max-depth` tún wà, 20 ni látilẹ̀: iye struct tó lè wà nínú struct kí gdb tó dákẹ́. Fún ìròyìn tí èèyàn á fojú kà, 4 tó.

Ohun tí mo máa kọ nìyí, pè é ní saaju.gdb:

`set debuginfod enabled on`
`set width 0`
`set print frame-arguments all`
`set print elements 64`
`set print max-depth 4`

`set pagination off` ò pọn dandan lábẹ́ -batch, gdb fúnra rẹ̀ máa ń pa á níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo fáìlì yẹn lọ́wọ́ nínú tẹ́mínà, ẹ fi kún un.

Kí ẹ sì jáwọ́ nínú `thread apply all bt full` gẹ́gẹ́ bí àṣẹ àkọ́kọ́. Lórí core Linux, thread tó gba signal ni gdb ń yàn látilẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ nọ́ńbà 1. `thread apply all` sì máa ń ka sẹ́yìn, láti nọ́ńbà tó ga jù wá sí 1. Ìyẹn ni pé thread tó kú gan-an ló máa kẹ́yìn, lábẹ́ ogójì thread tó ń sùn nínú futex (ibi tí thread ti ń dúró de ara wọn). Ẹ kọ́kọ́ tẹ bt ti thread tó kú, kẹ́ ẹ tó kan àwọn yòókù.

Ìgbín64:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Pẹ̀lú -ix, `??` ti lọ, frame libc ní orúkọ fáìlì àti nọ́ńbà ìlà. Mo kọ leyin.gdb báyìí, -x ni mo fi ń pè é:

`info registers`
`x/8i $pc`
`bt -full 30`
`thread apply all bt 25`
`info sharedlibrary`

Lórí core mẹ́ta, ó dáa. Lórí ìkẹrin, ìròyìn gé lẹ́yìn registers: "Cannot access memory at address 0x0", kò sí bt rárá. Ṣé core yẹn ló bàjẹ́ ni?

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Core rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ètò náà pe function láti ara pointer tó jẹ́ òfo, nítorí náà $pc (àdírẹ́sì instruction tó ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 0, kò sì sí instruction kankan ní 0 tí x/8i lè kà. Àṣìṣe sì ni ìyẹn, gdb kì í sì í kọjá àṣìṣe nínú fáìlì àṣẹ: ìlà àkọ́kọ́ tó bá kùnà, ó pa ìyókù fáìlì náà tì.

-ex ò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan bá kùnà, èyí tó tẹ̀lé e á ṣì ṣiṣẹ́. Nítorí náà yọ x/8i kúrò nínú fáìlì, gbé e sí ìparí lórí ìlà àṣẹ:

`gdb -nx -batch -ix saaju.gdb -x leyin.gdb -ex 'x/8i $pc' ETO CORE`

Bí ọ̀ràn $pc òfo ṣe sábà máa ń rí, ẹni tó pè é ṣì wà lórí stack (ibi tí ètò ń kọ ìpè function sí), lórí x86-64 àdírẹ́sì ìpadà wà níbi tí $sp ń tọ́ka. gdb sábà máa ń rí i fúnra rẹ̀, frame 0 á jẹ́ `0x0000000000000000 in ?? ()`, frame 1 ni ẹlẹ́ṣẹ̀. `??` yẹn nìkan ni kí ẹ má wá symbol fún.

Ṣẹ́gi_root:

Níbo ni ìròyìn yìí ń lọ? Tó bá jẹ́ inú ìkànnì tíkẹ́ẹ̀tì tí gbogbo ẹgbẹ́ ń kà ni, `bt -full` á gbé gbogbo variable inú function jáde: token, ọ̀rọ̀ aṣínà database, nọ́ńbà oníbàárà. Mo dábàá pé ká fi frame-arguments sílẹ̀ ní "scalars", ká sì yọ -full.

Ìyá_Linker:

Yíyọ -full dáa. Ṣùgbọ́n "scalars" ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni o. Pointer wà lára scalar, `char *` sì jẹ́ pointer, gdb á sì tẹ ọ̀rọ̀ tó tọ́ka sí jáde pẹ̀lú. Function kan tó bá gba `const char *pw` á gbé e jáde gbangba. std::string nìkan ni "scalars" máa bò, torí class ni.

Tí ìròyìn bá máa jáde kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni server, "presence" ni kẹ́ ẹ lò: á kàn fi `...` hàn pé argument wà, kò ní tẹ ìkankan. Ẹ ṣe ìròyìn méjì láti ara core kan náà. Èyí tó kún, kó wà lórí server pẹ̀lú àṣẹ 0600. Èyí tó lọ sí tíkẹ́ẹ̀tì, "presence", bt lásán, kò sí info registers. Registers náà lè di pointer sí nǹkan tàbí ara key mú.

Kẹ́ ẹ sì má gbàgbé pé core fúnra rẹ̀ ni àpótí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá bo ìròyìn tó wá fi core ránṣẹ́ lórí íméèlì, ilẹ̀kùn iwájú nìkan ló tì.

ọ̀dọ́_C:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi ń lo Ubuntu, apport (ohun tó ń gba crash ní Ubuntu) ni core_pattern (ìṣètò kernel tó sọ ẹni tó ń gba core) tọ́ka sí. coredumpctl ò sí níbẹ̀. Ètò tí mo kọ́ fúnra mi crash, /var/crash ṣófo.

ọmọ_Arch:

Apport kì í ka ètò tí kò bá ti inú package wá, bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Wo /var/log/apport.log, wàá rí ìlà tó sọ pé executable náà kò sí nínú package kankan. Ṣẹ̀dá ~/.config/apport/settings, kọ èyí sínú rẹ̀:

`[main]`
`unpackaged=true`

Lẹ́yìn crash tó bá kàn, `apport-unpack` á tú fáìlì .crash sínú fódà kan, CoreDump á wà níbẹ̀, ExecutablePath náà á wà níbẹ̀. gdb lè ka CoreDump yẹn pẹ̀lú saaju.gdb kan náà. Tàbí kẹ́ ẹ fi systemd-coredump sí i, á gba ipò apport. Package ọ̀tọ̀ ni ní Debian àti Ubuntu, kò sí lára systemd fúnra rẹ̀.

Ìgbín64:

Ọ̀kan tún rèé. Láti dáàbò bo dísíìkì, mo ti fi ExternalSizeMax=2G sínú coredump.conf. Ní àwọn core kan, `coredumpctl list` ń kọ "truncated", bt wọn sì ń dúró ní frame 0 tàbí 1 pẹ̀lú "Cannot access memory". Mo rò pé ìdajì core sàn ju òfo lọ.

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Kò sàn jù ú lọ, torí ìdajì tó o nílò gan-an ló ń sọnù. Kernel ń kọ memory sínú core láti àdírẹ́sì kékeré lọ sí ńlá. Heap (data ètò) wà nísàlẹ̀, stack thread àkọ́kọ́ wà lókè pátápátá, ti àwọn thread yòókù náà wà lókè níbi tí mmap ń pín sí. Tó o bá gé core ní 2G, o tọ́jú heap, o ju stack nù. Ìwọ á ní data rẹpẹtẹ tí o ò mọ ẹni tó ń lò ó.

Fi òǹkà náà ga ju ètò rẹ lọ, kó o wá fi MaxUse àti KeepFree ṣọ́ dísíìkì. Àwọn yẹn ń pa core àtijọ́ rẹ́, wọn kì í gé tuntun. Sínú /etc/systemd/coredump.conf.d/10-iwon.conf:

`[Coredump]`
`ProcessSizeMax=16G`
`ExternalSizeMax=16G`
`MaxUse=30G`
`KeepFree=10G`

Látilẹ̀, MaxUse jẹ́ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún dísíìkì, KeepFree jẹ́ 15. Ní systemd 252, ProcessSizeMax àti ExternalSizeMax jẹ́ 32G lórí ẹ̀rọ 64-bit, ìyẹn ni pé kò sí wàhálà tẹ́lẹ̀, ìwọ lo lọ fà á. ProcessSizeMax yàtọ̀ díẹ̀: core tó bá kọjá rẹ̀ ṣì lè wà ní ìpamọ́, ṣùgbọ́n systemd ò ní tẹ backtrace rẹ̀ sínú journal. O ò nílò restart kankan lẹ́yìn àtúnṣe. Systemd-coredump ń ka fáìlì yìí lọ́tun nígbà crash kọ̀ọ̀kan.

Tí ètò rẹ bá ní cache ńlá tí kò ṣe pàtàkì fún ìwádìí, `madvise` pẹ̀lú MADV_DONTDUMP lórí cache yẹn ni ọ̀nà tó mọ́ jù láti dín core kù. Ó ń yọ ohun tí ìwọ yàn, kì í ṣe ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

Ṣẹ́gi_root:

Systemd-tmpfiles náà ń pa core rẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, láìka MaxUse sí. `systemd-tmpfiles --cat-config | grep coredump` á fi iye ọjọ́ hàn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ẹ da /usr/lib/tmpfiles.d/systemd.conf kọ sí /etc/tmpfiles.d pẹ̀lú orúkọ kan náà, kí ẹ yí ìlà yẹn níbẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan ti /usr/lib, update tó bá dé á pa á rẹ́.

onígbá_container:

Ètò tiwa ń ṣiṣẹ́ nínú container, orí host (ẹ̀rọ tó gbé container náà) ni core ń bọ́ sí. saaju.gdb wà ní pípé, síbẹ̀ `??` ló kún gbogbo frame, àti ti ètò wa fúnra rẹ̀. Ìkìlọ̀ kan wà lókè pé core lè má bá executable mu.

Ìyá_Linker:

Ìkìlọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ gbà gbọ́. Ọ̀nà tó wà nínú core, irú /app/bin/eto, tọ́ka sí inú container. Lórí host, ọ̀nà yẹn lè má sí, tàbí kó jẹ́ fáìlì mìíràn ló wà níbẹ̀. gdb á ka libc ti host dípò ti container, àdírẹ́sì ò ní bára mu.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ core fúnra rẹ̀:

`eu-unstrip -n --core=core`

Inú elfutils ló wà. Á to build-id gbogbo ohun tó wà nínú memory nígbà crash. Ẹ fi wé `readelf -n` lórí fáìlì tí ẹ ní lọ́wọ́. Tí kò bá dọ́gba, ẹ má wulẹ̀ máa yí ìṣètò print.

Ẹ wá mú image náà gan-an tó ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, `docker create`, `docker export`, ẹ tú u sínú fódà, bíi /srv/aworan/2.4.1. Lẹ́yìn náà:

`gdb -nx -batch -ix saaju.gdb -iex 'set sysroot /srv/aworan/2.4.1' -x leyin.gdb /srv/aworan/2.4.1/app/bin/eto core`

Sysroot gbọ́dọ̀ wà ní -iex, ìdí kan náà pẹ̀lú debuginfod. Tó bá jẹ́ Alpine ni image yín, debuginfod ti Debian ò ní nǹkan kan fún yín, musl (libc mìíràn) ló wà níbẹ̀. Ẹ fi debug symbol sínú image kejì tí ẹ kì í gbé jáde. Ti ètò yín fúnra yín, ẹ tọ́jú fáìlì .debug ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ .build-id: lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ build-id ló ń jẹ́ fódà, ìyókù ló ń jẹ́ orúkọ fáìlì. Ẹ fi `set debug-file-directory` tọ́ka síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ /usr/lib/debug mọ́ ọn pẹ̀lú àmì `:` láàárín, torí òun ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, tuntun á sì rọ́pò rẹ̀ pátápátá.

ọ̀dọ́_C:

Ẹnìkan sọ fún mi pé `set auto-load safe-path /` ń mú gbogbo ìkìlọ̀ gdb kúrò. Ṣé kí n fi sínú saaju.gdb?

Ṣẹ́gi_root:

Rárá o, àbúrò. Ìkìlọ̀ yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe. safe-path tó jẹ́ `/` túmọ̀ sí pé script Python èyíkéyìí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ library nínú image tí ẹlòmíràn kọ́, gdb á ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìbéèrè, tó bá sì jẹ́ root lo fi pe gdb, root ni script náà. Darúkọ fódà kan ṣoṣo tó o fọkàn tán pẹ̀lú `add-auto-load-safe-path`.

ayálégbé_mac:

Ẹ dákun, ṣé ohun tó jọ èyí wà fún lldb (debugger ti macOS)? Fáìlì .ips ni macOS ń fún mi.

Alábòójútó:

Ẹ ṣí àkòrí tuntun fún ìyẹn, ó tó ọ̀rọ̀. Kí ọwọ́ yín má bàa ṣófo: `command script import lldb.macosx.crashlog` nínú ~/.lldbinit, lẹ́yìn náà `crashlog` àti orúkọ fáìlì. Láti macOS 12 ni .ips ti di JSON, lldb àtijọ́ tó ń retí .crash ò ní mọ̀ ọ́n kà. `crashlog --help` á to ààyò ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbín64:

Ibi tí mo bá a dé rèé. Mi ò fọwọ́ kan /etc/gdb/gdbinit mọ́. Unit náà:

`[Service]`
`Type=oneshot`
`User=eto`
`Environment=DEBUGINFOD_URLS=https://debuginfod.debian.net`
`Environment=DEBUGINFOD_CACHE_PATH=/var/cache/coreka`
`Environment=DEBUGINFOD_TIMEOUT=20`
`ExecStart=/usr/local/bin/coreka`

Inú coreka, `coredumpctl dump -o /var/lib/coreka/core /opt/eto/bin/eto`, lẹ́yìn náà gdb pẹ̀lú -nx, -ix àti -x bí ẹ ṣe júwe. Mo yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú `gdb -nx -batch -ix saaju.gdb -ex 'show print elements'`, 64 ló dá padà. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú User=eto, tó jẹ́ aṣàmúlò ètò náà fúnra rẹ̀, coredumpctl sọ pé òun ò lè ka core. Tí mo bá yọ User=, ó ń ṣiṣẹ́. Mo rò pé ẹni tó ni ètò ló ni core rẹ̀?

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Kí ni UID (nọ́ńbà aṣàmúlò) eto?

Ìgbín64:

997.

Alágbẹ̀dẹBáìtì:

Ìdí nìyẹn. Root ló ni core, systemd-coredump sì máa ń fi ACL (àṣẹ àfikún lórí fáìlì) fún ẹni tó ni ètò kó lè kà á, àmọ́ kì í ṣe é fún aṣàmúlò ti system. 997 wà lábẹ́ 1000, kò rí ACL gbà. Má torí ìyẹn fi root pe gdb. Jẹ́ kí root gbé core jáde nìkan, kí aṣàmúlò mìíràn tí kò ní àṣẹ kankan ka a:

`User=coreka`
`ExecStartPre=+/usr/local/bin/coreka-gbe`
`ExecStart=/usr/local/bin/coreka-ka`

Àmì `+` ló ń jẹ́ kí ExecStartPre ṣiṣẹ́ bíi root. Inú coreka-gbe, coredumpctl dump, `chown coreka`, `chmod 0400`. Inú coreka-ka, gdb nìkan, kó sì pa core náà rẹ́ nígbà tó bá parí. /var/cache/coreka gbọ́dọ̀ jẹ́ ti coreka pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ debuginfod ò ní ríbi tọ́jú nǹkan, `??` á sì padà wá.

Ṣẹ́gi_root:

Kí /var/lib/coreka wà lórí dísíìkì tó lè gba core tí kò ní compress. Èyí tó wà ní /var/lib/systemd/coredump, zstd ti fún un pọ̀. Tí coredumpctl bá ti tú u, 900M lè di 9G.

Ìgbín64:

Mo ti gbé e lọ sí dísíìkì data. Ìròyìn òru àná jáde pẹ̀lú orúkọ ní gbogbo frame, thread tó kú ló wà lókè.